Owó Péréte, Ìwé Rẹpẹtẹ

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù tí ọgbà káńsù fi kún dẹ́múdẹ́mú. Kánópì funfun lọ́tùn-ún, kánópì funfun lósì, fújì ń dún kíkankíkan, àwọn obìnrin tó wọ áńkárá kan náà sì ń fi ìwé tí wọ́n fi pè wọ́n fẹ́ ara. Níwájú ibi tí àwọn àlejò pàtàkì jókòó sí ni wọ́n to ẹrù tí káńsù fẹ́ pín fún àwọn oníṣòwò kéékèèké sí: ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìránṣọ, fírísà, ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun, jẹnẹrétọ̀ kéékèèké. Wọ́n lẹ àwòrán alága káńsù mọ́ gbogbo rẹ̀ pátá. Lára ẹ̀rọ ìlọta kan, àwòrán náà bo ibi tí wọ́n kọ agbára ẹ́ńjìnnì sí.

Orúkọ ni wọ́n ń pè. Ẹni tí wọ́n bá pè á bọ́ síwájú, á kúnlẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, ọmọkùnrin méjì á bá a gbé ẹrù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín nítòsí Ìdí-Òro gba fírísà. Ó jó díẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ alága, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá a fi orúkọ sílẹ̀. Ẹnu géètì ló ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ ṣì kù: oníkẹ̀kẹ́ akẹ́rù ń béèrè ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà, ẹgbẹ̀rún méjì péré ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, màmá, iná tí yóò máa gbé e ńkọ́?" Mo bi í nígbà tí a ń dúró de ẹni tó lọ bá a wá owó.

"Iná kẹ̀?" Ó wò mí bíi pé mo ń ṣeré. "Ẹ jẹ́ ká gbé e délé ná."

Ní apá ibí yìí ní Èkó, láti Mushin dé Yábà, láti Ojúẹlẹ́gba dé Àgùdá, ọ̀nà tí ìjọba ń gbà ran oníṣòwò kékeré lọ́wọ́ kò pọ̀. Wọ́n lè fún un ní ẹrù, wọ́n lè fún un lówó tí kò ní san padà, wọ́n sì lè yá a lówó pẹ̀lú èlé tí kò tó nǹkan. Gbogbo rẹ̀ ló ti ran àwọn kan lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, irọ́ ló ń pa. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé pẹ̀lú gbogbo owó pọ́ọ́kú tí ìjọba ní òun gbé kalẹ̀ yìí, owó ọ̀wọ́n ni ọ̀pọ̀ ará Mushin ṣì ń lọ yá.

Lọ́dọ̀ àwọn gbọ́múléláńtà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kó wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí òpópónà kékeré kan lẹ́yìn ọjà Ojúwòyè. Ní ìta ilé ìyá aláṣọ kan, obìnrin bí ogún jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n kọ orúkọ báńkì sí láyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, jókòó ti tábìlì, ó to káàdì síwájú. Obìnrin kọ̀ọ̀kan á mú owó ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ wá, á kà á, ọmọbìnrin náà á tún un kà, á fọwọ́ sí káàdì. Kò sí fújì, kò sí alága.

Lọ́jọ́ tí mo wà níbẹ̀, ẹnì kan kò wá. Tòmátì ló ń tà, wọ́n ní ẹrù rẹ̀ ti rà sínú apẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dìde títí owó rẹ̀ yóò fi pé, nítorí àwọn ni onídùúró ara wọn. Wọ́n pè é lórí fóònù, kò gbé e. Wọ́n rán ọmọ lọ sílé rẹ̀, ọmọ ní ilẹ̀kùn tì. Nígbà tó yá, olórí ẹgbẹ́ tú etí ìró rẹ̀, ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá 250 náírà, òun á fi èyí tó bá kù kún un. "Èmi àti ẹ̀ máa jọ pàdé ni," obìnrin kan ń ráhùn. Àmọ́ ó dá a.

Gbọ́múléláńtà ni àwọn ará àdúgbò ń pe irú báńkì bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá pè é tán. Ètò ẹ̀yáwó ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Muhammad Yunus, ọmọ Bangladesh, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká pẹ̀lú Grameen, báńkì tó dá sílẹ̀ ní 1983, tí òun àti báńkì náà fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2006. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ká jókòó ti ajigbèsè kò ṣàjèjì sí wa. Samuel Johnson kọ nípa ológò sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921: olówó á rán an lọ sílé ajigbèsè, á fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, á máa pa adìyẹ onílé jẹ títí wọ́n á fi wá owó náà kalẹ̀. Àwọn Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ àwìn láti ìlú dé ìlú, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó ọ̀wọ́n náà. Ká ní obìnrin kan yá 100,000 náírà, tó sì ń san 4,800 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. 120,000 ni yóò san lápapọ̀. Lójú, èlé 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ kìíní ló ti ń dá lára owó olówó padà, débi pé tí a bá wo gbogbo àsìkò náà pọ̀, bíi 52,000 péré ni owó olówó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá fi 20,000 tó san lórí 52,000 náà, láàárín oṣù mẹ́fà tí kò tilẹ̀ pé, ṣírò dé ọdún kan: èlé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80 nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo ṣe ìṣirò yìí lójú obìnrin kan tó ń ta bàtà òkírìkà ní Yábà. Kò bá mi jiyàn rárá. "Bọ̀dá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá béèrè lọ́jọ́ Ajé, ó ti wọ àkáǹtì mi kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ tí béèlì tó dára bá wọlé, ọjọ́ náà ni wọ́n ń rà á. Tí mo bá ń dúró de owó tí kò wọ́n, ta ló máa bá mi rà á pa mọ́?"

Àwọn ọ̀dọ́ kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbọ́múléláńtà mọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti ń yá tiwọn, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìgbà tí wọn kò bá rí i san ni wọ́n á tó mọ ohun tí wọ́n tọwọ́ bọ̀, tí ilé-iṣẹ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù wọn, títí kan àna àti pásítọ̀, pé olè ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní oṣù kẹta 2022, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà kó àwọn agbófinró lẹ́yìn lọ já wọ ọ́fíìsì irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹjà.

Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún

Owó tí kò wọ́n wà. Ní 2016, nígbà ìjọba Akinwunmi Ambode, wọ́n ṣòfin ní Èkó tó dá Lagos State Employment Trust Fund sílẹ̀, LSETF lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n. Bílíọ̀nù 25 náírà ni ìjọba ní òun yóò kó sí i láàárín ọdún mẹ́rin. Ifueko Omoigui-Okauru, tó ti ṣe ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ rí, ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ rẹ̀. Akintunde Oyebode ni akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́. Èlé 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ni wọ́n kéde. Nígbà náà, oníṣòwò kékeré lè yá tó 500,000 náírà, èyí tí tirẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ lè yá tó mílíọ̀nù márùn-ún.

Ẹni tó bá yá 100,000 ní iye èlé yẹn, tó sì ń san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún kan, èlé rẹ̀ kò ní tó 3,000 náírà. Ẹ rántí pé 20,000 ni ti àwọn gbọ́múléláńtà. Ní ìparí 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìpìlẹ̀ èlé tirẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Báńkì wo ló wá kù tí yóò yá télọ̀ Ìtirẹ́ lówó ní ìsàlẹ̀ iye yẹn?

Mo bá ẹni tí irú owó ìjọba bẹ́ẹ̀ gbé dìde pàdé. Télọ̀ ni, ní Lawanson. Ó fi tirẹ̀ ra ẹ̀rọ ìránṣọ alágbára méjì àti ọ̀kan tí wọ́n fi ń gbá etí aṣọ, ó gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, ó sì san owó náà tán láìsí pé ẹnikẹ́ni wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó mú mi lọ wo ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ náà. Wọ́n ti pààrọ̀ bóbìnì rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, òróró ti jẹ pákó tí ó jókòó lé, ṣùgbọ́n ó ṣì ń pariwo bí ẹní gbé e dé lánàá.

Mo bi í pé báwo ló ṣe rí ìwé ẹ̀rí gbogbo kó jọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹjọ́ ló bá òun ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí gan-an lohun tó ń dá àwọn ènìyàn padà. Káàdì olùgbé Èkó tí LASRRA ń ṣe. BVN. Ìwé owó orí. Àkáǹtì báńkì tí owó ń wọlé tó ń jáde nínú rẹ̀. Àdírẹ́sì ibi iṣẹ́. Ètò okòwò lórí ìwé. Onídùúró. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọmọ káfé á gbowó lọ́wọ́ rẹ kó tó bá ọ kún un. Mi ò lè sọ pé èyíkéyìí nínú wọn burú, nítorí owó ìlú ni, ẹni tó bá ń pín in láìbéèrè ìwé, olè ló ń pè wá. Ṣùgbọ́n ẹ mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé e dé ọjà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí onídùúró. Ọmọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládipọ̀ sọ fún mi pé: "Gbogbo àwọn tó mọ̀ mí dáadáa, bíi tèmi ni wọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó wà nídìí iṣẹ́ ìjọba, àbúrò bàbá mi ni, òun gan-an ló kọ́kọ́ sá." Lọ́dọ̀ gbọ́múléláńtà, ìyá tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ló ń dúró fún ọ. Lọ́dọ̀ ìjọba, ẹni tí ìwọ ń bẹ̀ kó dúró fún ọ ni ẹni tí kì í bá ọ jẹun.

Owó orí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Ọjọ́ tí mo bá ti fi orúkọ mi síbẹ̀ báyìí, wọn ò ní gbàgbé mi mọ́ láyé," ni ìyá ẹlẹ́wà kan ní Ojúẹlẹ́gba wí. Ẹni tó bá sì gbọ́ èyí tó ní ọ̀lẹ ni, kò fẹ́ san owó orí, kó wá bá a jókòó láti àárọ̀ dọ́sàn-án. Ó san owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ó san owó ilẹ̀ gbígbá. Ó fún àwọn ọmọ àdúgbò ní tiwọn. Ọkùnrin kan wá gba tiẹ̀ nítorí pé ìkòkò rẹ̀ wà lójú títì. Lójoojúmọ́ ni, ọjọ́ Àìkú nìkan ni kò sí. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó ní rìsíìtì tí ilé-iṣẹ́ owó orí á gbà.

Àdírẹ́sì ńkọ́? Iná jó ọjà Tejúoṣó ní 2007. Ìgbà tí ọjà tuntun aláràmọ̀ǹdà tí wọ́n kọ́ sípò rẹ̀ máa fi ṣí ní 2014, owó ṣọ́ọ̀bù ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n tú ká sí etí títì, sí ẹ̀gbẹ́ rélùwéè, sí iwájú ilé onílé. Tí fọ́ọ̀mù bá bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé níbo ni ilé-iṣẹ́ rẹ wà, kí ni kó kọ? Pé níbi tí ẹ bá ti rí agbòjò aláwọ̀ ewé? Ìjọba tó ní òun fẹ́ yá a lówó náà ló ń rán KAI, àwọn agbófinró tó ń mójú tó títì, lé e kúrò ní àdírẹ́sì rẹ̀.

Ní ọ̀nà Herbert Macaulay ní Yábà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ wà tí wọ́n ń kún fọ́ọ̀mù bí ẹní ń mu omi. CcHub, ibùdó irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀, ti wà níbẹ̀ láti bí ọdún 2011, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. LSETF ní ètò kan fún irú wọn, Lagos Innovates, tó ń bá wọn san lára owó ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò bá wọn jà, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kàwé dé yunifásítì, tó ní kọ̀ǹpútà lórí itan, tí òyìnbó pàápàá ń wá fi owó dókòwò lọ́dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ aláta Ojúwòyè níwájú fọ́ọ̀mù.

Tí ìwé bá wá pé tán, ìdúró ló kù. Obìnrin kan tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé ní Àgùdá ti gba ẹ̀yáwó ìjọba kan rí. Oṣù kẹrin ló kọ̀wé, kí owó lè bọ́ sí i lọ́wọ́ ṣáájú oṣù kẹsàn-án tí ọmọ ń wọlé. Oṣù kọkànlá ni wọ́n pè é. Mo ní ṣé ó wá kọ̀ ọ́ ni. "Kí ló dé tí máa fi kọ̀ ọ́? Mo gbà á. Mo fi san gbèsè tí mo ti lọ jẹ nígbà tí wọn ò dáhùn."

Ta ló ni owó?

Ẹ gbọ́ ti ìjọba náà, kí n má baà dá ẹjọ́ apá kan. Òṣìṣẹ́ kan tó ti bá wọn mójú tó ẹ̀yáwó rí sọ fún mi pé bí òun bá pe àwọn tó jẹ owó lórí fóònù, ìbéèrè tí wọ́n sábà ń kọ́kọ́ bi òun ni pé: "Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè, ṣé ẹ ti san tiyín?" Ó ní ẹnì kan dá òun lóhùn pé ìpín tòun nínú epo rọ̀bì lòun gbà, òun kò yá nǹkan kan.

Èrò yìí kò ṣàdédé wá. Ní oṣù kẹjọ 2018, ìjọba àpapọ̀ gbé TraderMoni jáde nípasẹ̀ Bank of Industry: 10,000 náírà fún oníṣòwò kọ̀ọ̀kan, láìsí ohun ìdógò, láìsí ìwé bí alárà. Ẹni tó bá san án á gba 15,000, á tún gba 20,000, á sì gòkè dé 50,000 àti 100,000. Ìlànà tó gún régé ni, lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ìdìbò ààrẹ wà ní oṣù kejì 2019, igbá-kejì ààrẹ Yemi Osinbajo fúnra rẹ̀ sì ń ti ọjà bọ́ sí ọjà lórí ètò náà. Ẹgbẹ́ alátakò pariwo pé owó ìbò ni. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní kí wọ́n tú u wò. Nínú ọjà, kò sẹ́ni tó jiyàn. Wọ́n ṣáà gbà á. Ta ló ń san owó tí wọ́n fún un nítorí ìbò?

Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹni tí a gbàgbé láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tó sì san án, tí kò rí ẹgbèje náà gbà nítorí pé ìjọba ti yí padà, ètò náà ti gba orúkọ mìíràn, kò sì sí ìwé tó rántí pé ó san nǹkan kan rí. Télọ̀ Lawanson wà lára wọn. Ní ti gbọ́múléláńtà, tí o bá san 100,000 tán láìdá ọ̀sẹ̀ kan sí, 150,000 ti ń dúró dè ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ìdí tí àwọn obìnrin ẹ̀yìn Ojúwòyè fi ń dá 250 náírà fún ẹni tí kò wá nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ọmọbìnrin báńkì.

Ìjọba Nàìjíríà ti gbìyànjú láti dá irú báńkì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí. Ní 1989, nígbà Babangida, wọ́n dá People's Bank sílẹ̀ fún mẹ̀kúnnù, wọ́n sì mú Tai Solarin, ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ pé kò ní jalè, láti ṣe alága rẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 2000, wọ́n ti pa báńkì náà pọ̀ mọ́ ti àwọn àgbẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì parẹ́. Ẹ bi ọmọ ogún ọdún ní Mushin lónìí bóyá ó gbọ́ ọ rí.

Ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọ̀ọ́dúnrún

Ti owó tí a kì í san padà tún ní ìṣirò tirẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje 2023, lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ tí ariwo ti gba ìlú, Ààrẹ Tinubu bá ará ìlú sọ̀rọ̀, ó ní mílíọ̀nù kan àwọn oníṣòwò tó kéré jù lọ yóò gba 50,000 náírà lọ́fẹ̀ẹ́: 1,300 ènìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 774. Ó tún ya bílíọ̀nù 75 sọ́tọ̀ fún ẹ̀yáwó 500,000 sí mílíọ̀nù kan, pẹ̀lú èlé 9 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n san án láàárín oṣù mẹ́rìndínlógójì.

Ó dún dáadáa létí. Ẹ wá pín in. Ìjọba ìbílẹ̀ 57 ni Èkó ń dá mọ̀, ṣùgbọ́n ogún péré ni ìwé òfin Nàìjíríà mọ̀. Mẹ́tàdínlógójì yòókù ni àwọn LCDA tí Tinubu kan náà dá sílẹ̀ nígbà tó ń ṣe gómìnà. Ogún lọ́nà 1,300 jẹ́ 26,000. Kánò tó ní ìjọba ìbílẹ̀ 44 gba ìpín 57,200. Jígàwá pẹ̀lú 27 gba 35,100. Mushin àti Ọdí-Olówó/Ojúwòyè, tó jẹ́ káńsù méjì lójú wa, ní láti pín 1,300 kan náà láàárín ara wọn. Sùúrùlérè, Ìtirẹ́-Ìkátẹ̀ àti Coker-Àgùdá náà ní láti pín 1,300. Mo rò pé ẹgbẹ́ aláta kan ṣoṣo lè gbé ìyẹn mì láìmu omi sí i.

Ìdí nìyí tí orúkọ fi ń lọ bó ṣe ń lọ. Tí nǹkan bá kéré tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì sí òṣùwọ̀n tí gbogbo ènìyàn rí, ẹni tó súnmọ́ ìkòkò ló ń jẹun. Òṣìṣẹ́ káńsù kan kò fi pamọ́ fún mi: káńsílọ̀ ní tirẹ̀, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní tiwọn, ọba àti báálẹ̀ ní tiwọn, ìyókù ni wọ́n ń pè ní ti gbogbo ará ìlú.

Èyí kò wá sọ pé fífúnni lówó lọ́fẹ̀ẹ́ kò dára. Ní 2011, ìjọba Goodluck Jonathan ṣe ìdíje YouWiN!, níbi tí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún èèyàn, ó dín díẹ̀, ti kọ̀wé, tí 1,200 sì yege; owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000 dọ́là. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé David McKenzie tọpa wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, okòwò àwọn tó gbà á ṣì ń dúró ju ti àwọn tí kò gbà á lọ, wọ́n sì gba òṣìṣẹ́ sí i. Owó ńlá ni ìyẹn, fún àwọn tí wọ́n fara balẹ̀ yàn. 50,000 náírà kò jọ ọ́.

Ohun tí wọ́n rí ní Gánà ló jọ ti káńsù wa. Níbẹ̀, àwọn olùwádìí fún àwọn oníṣòwò kéékèèké kan lówó lásán, wọ́n sì bá àwọn mìíràn ra ẹrù tàbí irinṣẹ́ tó tó iye owó náà. Láàárín àwọn obìnrin, ẹrù ló mú èrè wá, owó lásán kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Ilé, ilé-ìwé ọmọ àti ẹbí ló gbé e jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tí òwò wọn kéré jù, ẹrù pàápàá kò gbé wọn dìde. Olùkọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé kan ní Akọ́ká tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ohun tí káńsù ń ṣe kò burú nídìí, àmọ́ àwọn tó ṣe ti Gánà bi obìnrin kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tó fẹ́ rà kí wọ́n tó bá a rà á. "Ti wa, alága ti lọ ra fírísà kó tó mọ ẹni tó ń ta ẹja."

Fírísà náà kì í sì í dá ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìpele tí iná ti ń wà jù, láti 68 náírà ní yúníìtì kan dé 225 lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí kò sí ní Band A sì ń dúró de iná tí kì í wá. Epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà ní lítà kan ṣáájú oṣù karùn-ún 2023 ti súnmọ́ 1,000 nígbà tí 2024 ń parí lọ. Nígbà tí mo padà béèrè, ìyá ẹlẹ́ja Ìdí-Òro ti ń lo fírísà rẹ̀ bí àpótí: ó ń ra yìnyín látọ̀dọ̀ ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ńlá, ó ń kó o sínú rẹ̀, ó ń to ẹja lé e. Ó ní kò burú, ó dára ju kúlà tí òun ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó gba ẹ̀rọ ìlọta lọ́jọ́ kan náà ti ta tirẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Kò ní ṣọ́ọ̀bù, onílé kò sì fẹ́ ariwo.

Àwọn tó mọ ara wọn

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án mọ́. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù keje 2025, Èkó dìbò yan àwọn alága tuntun. Bí ìdájọ́ yẹn bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, káńsù ní ọjọ́ iwájú lè ní owó tí yóò fi yá ará àdúgbò rẹ̀ láìdúró de Alausa tàbí Àbújá. Ìbéèrè tó kù ni ẹni tí wọ́n máa yá a.

Olùkọ́ Akọ́ká yẹn ní kí wọ́n fi ẹgbẹ́ ọjà ṣe onídùúró. Ẹgbẹ́ télọ̀ ní ìwé orúkọ, ẹgbẹ́ aláta ní, àwọn mẹkáníìkì ní, wọ́n sì ń pàdé lóṣooṣù. Kí káńsù gbé owó náà fún ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ yan ẹni tó kàn, kí ẹnikẹ́ni má gba ẹlẹ́ẹ̀kejì títí ẹni àkọ́kọ́ á fi san. Kí wọ́n sì gbé e jáde kí ọmọ tó wọlé ilé-ìwé, kí Iléyá tó dé, kí Kérésì tó dé, kì í ṣe nígbà tí àyè bá gba alága láti wá ya fọ́tò.

Mo gbé àbá yìí lọ bá ìyá àgbà kan tó ń ṣe olórí ní ọjà kan ní Mushin. Ó gbọ́ mi tán, ó ní kò sí ohun tó le níbẹ̀. Àjọ tí àwọn ń dá ju bẹ́ẹ̀ lọ, alájọ kò sì béèrè BVN lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "A mọ ẹni tó máa san. A mọ ẹni tó máa fi ra léèsì. Ìlérí kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí ẹnikẹ́ni má mú orúkọ wá bá wa láti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú. Tí wọ́n bá ti mú ẹyọ kan wá, kí wọ́n gbowó wọn."

Mo padà gbé e dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ káńsù kan tí mo mọ̀. Ó ní àbá náà dára gan-an, kí n kọ ọ́ wá, òun á bá mi fi í síwájú ọ̀gá. Bí mo ṣe ń dìde, ó ní bí mo bá ní ẹni tí mo fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ti ọdún tó ń bọ̀, kí n tètè mú un wá, torí ìwé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.